Ibi-ìtakùn olórúkọ púpọ̀ nínú atọ́ka ẹ̀rọ ìṣàwárí

Ibi-ìtakùn olórúkọ púpọ̀ ni ibi-ìtakùn kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gba orúkọ ìkápá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dé. Orúkọ ìkápá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí domain, ni orúkọ tí a ń tẹ̀ sínú aṣàwákiri láti dé ibi-ìtakùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi guardian.ng tàbí wikipedia.org. Ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google àti Bing ń fi àdírẹ́sì dá ojú-ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Nítorí náà, bí ojú-ìwé kan bá ní àdírẹ́sì mẹ́ta, ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ rí i bí ojú-ìwé mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ inú wọn dọ́gba. Lẹ́yìn èyí ni yóò kó wọn pọ̀ sójú kan, tí yóò sì yan ọ̀kan tí yóò máa fi han àwọn tó ń wá nǹkan. Àwọn yòókù yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, a kì yóò sì sábà rí wọn nínú àbájáde ìṣàwárí.

Oníbi-ìtakùn lè fi orúkọ tí ó fẹ́ han ẹ̀rọ náà kí ó tó yan. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò bá a yàn, orúkọ tí ẹ̀rọ yàn sì lè má jẹ́ èyí tí olówó ń fẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-iṣẹ́ ńlá, ó sì kan ilé-iṣẹ́ kékeré pàápàá ní Nàìjíríà, níbi tí oníṣòwò kan náà ti lè gba orúkọ tó parí sí .com, èyí tó parí sí .com.ng àti èyí tó parí sí .ng ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

## Orúkọ ìkápá àti ilé tí ó ń júwe

Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pe ara wọn. Nọ́ńbà yìí ni a ń pè ní àdírẹ́sì IP. Nítorí pé ó ṣòro fún ènìyàn láti há irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí, Paul Mockapetris, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ṣe àgbékalẹ̀ ètò DNS ní ọdún 1983. Iṣẹ́ ètò yìí ni pé bí a bá pe orúkọ kan, yóò mú nọ́ńbà tí orúkọ náà dúró fún jáde. Kò sí òfin nínú rẹ̀ tó ní kí nọ́ńbà kan ní orúkọ kan ṣoṣo. Orúkọ mẹ́wàá lè tọ́ka sí ibì kan náà láìsí ìjà.

Ọ̀ràn náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá a máa sọ ọmọ ní orúkọ, ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà náà á sì mú orúkọ àti oríkì wá. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọmọ kan náà ni wọ́n ń pè. Àlejò tó jókòó sí ìta, tí ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe Àjàní, Babátúndé àti Adéwálé, lè rò pé ọmọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú ilé. Ẹ̀rọ ìṣàwárí ni àlejò yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlànà HTTP 1.0 tí aṣàwákiri fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ kò béèrè pé kí aṣàwákiri sọ orúkọ tí ó bá wá. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ibi-ìtakùn ń gbé inú rẹ̀. Nítorí èyí, ibi-ìtakùn kọ̀ọ̀kan sábà máa ń nílò àdírẹ́sì IP tirẹ̀. Ìlànà HTTP 1.1, tí a tẹ̀ jáde ní Oṣù Kìíní ọdún 1997, sọ ọ́ di dandan kí aṣàwákiri dárúkọ ìkápá tí ó ń wá nínú ìlà kan tí a ń pè ní Host. Láti ìgbà náà ni sáfà kan ti lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi-ìtakùn mọ́ra lórí nọ́ńbà kan, kí ó sì máa fi orúkọ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó tún lè ṣe òdì kejì rẹ̀, kí ó fi ibi-ìtakùn kan náà dá gbogbo orúkọ lóhùn.

Ìdí tí oníbi-ìtakùn fi máa ń ní orúkọ púpọ̀ kò ju mélòó kan lọ. Àwọn kan gba orúkọ orílẹ̀-èdè mọ́ orúkọ .com. Àwọn kan ti pààrọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn, wọn kò sì fẹ́ kí èyí àtijọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn gba orúkọ tó jọ tiwọn kí àwọn oníjìbìtì má baà gbà á. Àwọn kan sì wà tí wọn kò mọ̀ pé orúkọ wọn pọ̀: àdírẹ́sì tó ní www níwájú yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http sì yàtọ̀ sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, lójú ẹ̀rọ ìṣàwárí.

## Bí ẹ̀rọ ìṣàwárí ṣe ń kó ojú-ìwé jọ

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìrìnkiri: ẹ̀rọ arìnkiri, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí ojú-ìwé fúnra rẹ̀, máa ń tẹ̀lé ìjápọ̀ láti ojú-ìwé kan dé òmíràn. Ti Google ni a ń pè ní Googlebot, ti Bing sì ni Bingbot. Èkejì ni kíkọ sínú atọ́ka: ẹ̀rọ yóò ka ọ̀rọ̀ inú ojú-ìwé, yóò sì kọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ṣe ń fi ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ kan wà hàn. Ẹ̀kẹta ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ: nígbà tí ènìyàn bá béèrè nǹkan, ẹ̀rọ yóò pinnu èyí tí yóò wà lókè àti èyí tí yóò wà nísàlẹ̀.

Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, ìjápọ̀ ní ipa pàtàkì. Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n dá Google sílẹ̀ ní ọdún 1998, gbé ètò PageRank kalẹ̀ lórí èrò pé bí ojú-ìwé kan bá fi ìjápọ̀ tọ́ka sí òmíràn, ó dà bí ẹni pé ó jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rí tó bá ti ọ̀dọ̀ ojú-ìwé tó gbajúmọ̀ wá wúwo ju èyí tó ti ọ̀dọ̀ ojú-ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kan pàtó ni a ń jẹ́rìí sí. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jẹ́rìí sí Àjàní, tí mẹ́ta jẹ́rìí sí Babátúndé, tí ẹyọ kan sì jẹ́rìí sí Adéwálé, ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n kò lè ka ẹ̀rí náà sí mẹ́wàá.

## Bí ẹ̀rọ ṣe ń dá ẹ̀dà mọ̀

Láti ìgbà tí ìtakùn àgbáyé ti ń gbòòrò ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà sábà máa ń wà ní àdírẹ́sì púpọ̀. Ní ọdún 1997, Andrei Broder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ṣe àyẹ̀wò ìwé tó tó mílíọ̀nù 30 tí ẹ̀rọ ìṣàwárí AltaVista ti kó jọ. Wọ́n gé ìwé kọ̀ọ̀kan sí ẹyọ-ẹyọ gbólóhùn kúkúrú tó wọnú ara wọn, wọ́n sì ń wo iye ẹyọ tí ìwé méjì jọ ní. Bí ẹyọ tó jọra bá ti pọ̀ tó ni a ṣe mọ̀ pé ìwé méjèèjì súnmọ́ jíjẹ́ ọ̀kan náà.

Ní ọdún 2002, Moses Charikar gbé ọ̀nà mìíràn jáde tí a mọ̀ sí simhash. Ọ̀nà yìí ń sọ ojú-ìwé odidi di nọ́ńbà kúkúrú kan tó dà bí ìtẹ̀ka rẹ̀. Ojú-ìwé tó bá jọra yóò ní ìtẹ̀ka tó jọra. Ní ọdún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ Google tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé, fún àkójọ ojú-ìwé bílíọ̀nù 8, ìtẹ̀ka tó gùn tó bíìtì 64 tó láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìtẹ̀ka ojú-ìwé méjì kò bá yàtọ̀ ju bíìtì 3 lọ, a lè kà wọ́n sí ẹ̀dà ara wọn.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kó àwọn ẹ̀dà pọ̀, yóò yan aṣojú kan láàárín wọn. Aṣojú yìí ni a lè pè ní *àdírẹ́sì ojúlówó*. Ohun púpọ̀ ni Google máa ń wò kí ó tó yan: ibi tí àtúnjúwe darí sí, àmì tí oníbi-ìtakùn fi sínú ojú-ìwé, àdírẹ́sì tí a kọ sínú àkọsílẹ̀ sitemap, àdírẹ́sì tí ìjápọ̀ inú ibi-ìtakùn náà ń lò, àti bóyá àdírẹ́sì náà ń lo https. Bí gbogbo wọn bá fẹnu kò sí orúkọ kan, ìpinnu rọrùn. Bí wọ́n bá ń tako ara wọn, ẹ̀rọ yóò ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀.

## Ìpalára tí orúkọ tí a kò ṣètò ń fà

Àpẹẹrẹ kan láti àgbègbè èbúté Èkó lè là á yé wa. Coconut jẹ́ ibùdókọ̀ ní Àpápá, lẹ́bàá òpópónà tó lọ sí Òṣòdì àti èbúté Tin Can Island, tí a ṣí ní ọdún 1977. Iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù àti ti àwọn aṣojú tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù wọ́pọ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Kí a gbà pé irú aṣojú bẹ́ẹ̀ kan ní ibi-ìtakùn tó ní ojú-ìwé 40: ojú-ìwé kan fún gbígba ọkọ̀ tòkunbọ̀ jáde, òmíràn fún ẹrù inú kọ̀ǹténà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba orúkọ mẹ́ta, .com, .com.ng àti .ng, ó sì ní kí gbogbo wọn ṣí ibi-ìtakùn kan náà. Kò ṣe ìtọ́sọ́nà kankan.

Orúkọ mẹ́ta náà lè ní www tàbí kí wọ́n má ní in, èyí sì sọ wọ́n di mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ http tàbí https, èyí sì sọ wọ́n di méjìlá. Ojú-ìwé 40 ti wá di àdírẹ́sì 480 lójú ẹ̀rọ arìnkiri, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú wọn kò ju ti ojú-ìwé 40 lọ. Ohun mẹ́rin ló lè tẹ̀lé èyí.

* Ẹ̀rí máa ń pínyà. Oníbàárà kan fi ìjápọ̀ .com sí ojú-ìwé tirẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò kan fi .com.ng sínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ẹlòmíràn lo .ng. Títí ẹ̀rọ yóò fi mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n, kò sí orúkọ tó ní gbogbo ẹ̀rí náà.
* Àkókò ẹ̀rọ arìnkiri máa ń ṣòfò. Ẹ̀rọ náà kì í lo àkókò àìlópin lórí ibi-ìtakùn kan. Bí ó bá ń ka ẹ̀dà, ojú-ìwé tuntun lè pẹ́ kí ó tó wọnú atọ́ka. Ìṣòro yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára ibi-ìtakùn kékeré, ṣùgbọ́n ó ń ni ilé-iṣẹ́ tí ojú-ìwé rẹ̀ pọ̀ lára.
* Orúkọ tí a kò fẹ́ lè jáde. Ẹni tó ń wá aṣojú láti Aba tàbí Kano lè rí .com.ng lónìí, kí ó rí .com lọ́la. Nínú iṣẹ́ tí a ti ń san owó ńlá sílẹ̀ kí a tó rí ẹrù, irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lè mú kí oníbàárà fura pé ẹlòmíràn ni.
* Ìṣirò àwọn àbẹ̀wò máa ń dàrú. Oníbi-ìtakùn tó ń wo ìròyìn orúkọ kan ṣoṣo lè rò pé iṣẹ́ òun kò tà, nígbà tí àwọn àlejò ń gba ojú ọ̀nà mìíràn wọlé.

Èrò kan tó gbilẹ̀ ni pé Google máa ń fìyà jẹ ibi-ìtakùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà ní àdírẹ́sì púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti ṣàlàyé láti ọdún 2008 pé kò sí irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dà tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yan ọ̀kan, ó sì fi àwọn yòókù sẹ́yìn. Ohun tí oníbi-ìtakùn pàdánù ni ẹ̀tọ́ láti yan fúnra rẹ̀.

## Àwọn ọ̀nà ìtọ́sọ́nà

### Àtúnjúwe

Àtúnjúwe ni ìdáhùn tí sáfà fún aṣàwákiri pé ohun tí ó ń wá wà ní àdírẹ́sì mìíràn. Nọ́ńbà 301 àti 308 túmọ̀ sí pé ìṣípòpadà náà jẹ́ títí láé. Nọ́ńbà 302 àti 307 túmọ̀ sí pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Èyí tó jẹ́ títí láé ni àmì tó lágbára jù fún ẹ̀rọ ìṣàwárí, nítorí pé àlejò àti ẹ̀rọ jọ ń dé ibì kan náà, kò sì sí ẹ̀dà mọ́. Àtúnjúwe tó dára máa ń mú ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ sí ojú-ìwé tó bá a mu. Bí a bá darí gbogbo ojú-ìwé 40 sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ nìkan, ẹni tó ń wá ìròyìn nípa ọkọ̀ tòkunbọ̀ yóò bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láì rí ohun tí ó ń wá. Google gba oníbi-ìtakùn tó ń ṣí lọ sí orúkọ mìíràn níyànjú pé kí àtúnjúwe náà wà fún ó kéré tán ọdún kan.

### Àmì canonical

Ní Oṣù Kejì ọdún 2009, Google, Yahoo! àti Microsoft jọ kéde pé àwọn yóò máa ka àmì kan tí a ń kọ sí orí ojú-ìwé, èyí tó ní `rel="canonical"` nínú. Àmì yìí ń sọ fún ẹ̀rọ pé àdírẹ́sì báyìí ni ojúlówó ojú-ìwé tí ó ń kà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú orúkọ ìkápá kan náà ni àmì náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Google gbà kí ó ṣiṣẹ́ láti orúkọ ìkápá kan sí òmíràn, èyí sì ni ó mú kí ó wúlò fún ibi-ìtakùn olórúkọ púpọ̀. A sọ ọ́ di àkọsílẹ̀ ìlànà RFC 6596 ní ọdún 2012.

Àmì canonical yàtọ̀ sí àtúnjúwe ní ọ̀nà méjì. Àlejò kì í rí i, nítorí náà gbogbo orúkọ ṣì lè máa ṣí ojú-ìwé. Èkejì ni pé ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Bí àmì náà bá tọ́ka sí .ng, ṣùgbọ́n tí gbogbo ìjápọ̀ inú ibi-ìtakùn ń tọ́ka sí .com, ẹ̀rọ lè ṣàìka àmì náà sí. Nínú irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google ń pè ní Search Console, oníbi-ìtakùn lè wo àdírẹ́sì tí òun yàn àti èyí tí Google yàn, kí ó sì mọ̀ bóyá wọ́n bára mu.

### Sitemap àti hreflang

Sitemap ni àkọsílẹ̀ gbogbo àdírẹ́sì tí oníbi-ìtakùn fẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀. Google mú un wá ní ọdún 2005, Yahoo! àti Microsoft sì gbà á ní ọdún 2006. Orúkọ ojúlówó nìkan ló yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Àmì hreflang, tí Google bẹ̀rẹ̀ sí kà ní ọdún 2011, wà fún ọ̀ràn mìíràn: ìgbà tí orúkọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ní ìyàtọ̀ gidi, bí i èdè tàbí owó orílẹ̀-èdè. Ilé ìtajà tó ń ta ọjà ní náírà lórí .ng àti ní sídì lórí .gh kò ní láti yan ọ̀kan. Ó lè sọ fún ẹ̀rọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

### Ohun tí kò yẹ ní lílò

Fáìlì robots.txt, tí Martijn Koster dá lábàá ní ọdún 1994, ni a fi ń dí ẹ̀rọ arìnkiri lọ́wọ́ láti wọ apá kan ibi-ìtakùn. Àwọn kan máa ń lò ó láti dí orúkọ kejì àti ẹ̀kẹta pa. Èyí kò bójú mu, nítorí pé ẹ̀rọ tí a kò jẹ́ kó wọlé kò lè ka àmì canonical tàbí kí ó rí àtúnjúwe. Kò ní mọ̀ pé ẹ̀dà ni, ẹ̀rí tó wà lára orúkọ náà kò sì ní kọjá sí ojúlówó.

## Àwọn àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀

A fi orúkọ orílẹ̀-èdè .ng sílẹ̀ fún Nàìjíríà ní ọdún 1995. Ẹgbẹ́ NiRA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ni ó ń bójú tó o. Lábẹ́ rẹ̀ ni .com.ng fún oníṣòwò, .org.ng fún ẹgbẹ́, .edu.ng fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, .sch.ng fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé àti .gov.ng fún ìjọba. A tún lè gba .ng fúnra rẹ̀ láìsí ohunkóhun láàárín. Ètò yìí ló jẹ́ kí ó rọrùn fún ilé-iṣẹ́ kan láti ní orúkọ méjì tó jọra nílé kí ó tó gba .com mọ́ ọn.

Google fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ibi-ìtakùn kan tó ní orúkọ púpọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ṣí i ní Nàìjíríà sábà máa ń bá ara rẹ̀ ní google.com.ng, níbi tí ó ti lè yan Yorùbá, Haúsá, Ígbò tàbí Pidgin. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ibi tí ènìyàn wà ni yóò máa pinnu àbájáde ìṣàwárí, kì í ṣe orúkọ orílẹ̀-èdè tí ó tẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà kò ti ní iṣẹ́ kan gbòógì mọ́. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2025, Google kéde pé òun yóò máa darí gbogbo orúkọ orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ sí google.com.

Ìwé ìròyìn *The Guardian* ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, lo ngrguardiannews.com kí ó tó kó lọ sí guardian.ng. *The Guardian* ti Lọ́ńdọ̀nù, tí kò bá a tan, kó láti guardian.co.uk lọ sí theguardian.com ní Oṣù Keje ọdún 2013. Ọ̀ràn méjèèjì yìí fi ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣòro náà hàn: orúkọ kan lè jẹ́ ti ilé méjì, bí ilé kan ṣe lè ní orúkọ méjì. Ọ̀rọ̀ inú ojú-ìwé, ìjápọ̀ àti orúkọ ìkápá ni ẹ̀rọ ìṣàwárí fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

BBC ń lo bbc.co.uk àti bbc.com. Láti ọdún 2007 ni ìpolówó ọjà ti ń jáde lórí bbc.com fún àwọn òǹkàwé tó wà lẹ́yìn Britain, nígbà tí owó ìwé-àṣẹ tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ bùkátà ti àwọn ará ilé. BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejì ọdún 2018, wà lábẹ́ bbc.com.

Wikipedia Yorùbá náà ń lo ọ̀nà wọ̀nyí. Bí àpilẹ̀kọ kan bá ní orúkọ tó ní àmì ohùn, a lè ṣe ojú-ìwé àtúnjúwe fún orúkọ náà láìsí àmì, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lásán lè débẹ̀. Àmì canonical inú ojú-ìwé náà yóò sì tọ́ka sí orúkọ tó pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àdírẹ́sì fóònù, yo.m.wikipedia.org, fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yo.wikipedia.org.

## Lẹ́tà Yorùbá nínú orúkọ ìkápá

Lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà àti àmì ìdàpọ̀ nìkan ni àwọn orúkọ ìkápá ìbẹ̀rẹ̀ ń lò. Ní ọdún 2003 ni a gbé ìlànà kan jáde tí a fi ń sọ lẹ́tà mìíràn di èyí tí DNS lè kà. Orúkọ ọ̀nà ìyípadà náà ni Punycode, ìpín orúkọ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `xn--`. A tún ìlànà náà ṣe ní ọdún 2010. Nípasẹ̀ rẹ̀, orúkọ tó ní ẹ, ọ tàbí ṣ lè wà níbi tí àwọn olùbójútó orúkọ bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láàyè.

Èyí dá irú orúkọ púpọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ẹni tó bá gba orúkọ tó ní ọ yóò tún fẹ́ gba èyí tó ní o lásán, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò ní àmì abẹ́ lórí bọ́tìnnì fóònù wọn. Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù ni pé lẹ́tà kan náà lójú ènìyàn lè jẹ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà. Nínú ètò Unicode, lẹ́tà ọ tó ní ẹ̀ẹ̀kán lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD. Èyí tó ní ìlà kékeré lábẹ́, bí àwọn ìwé Yorùbá kan ṣe ń tẹ̀ ẹ́, jẹ́ o tí a fi àmì U+0329 kún. Orúkọ méjì tí a kọ báyìí jọra, ṣùgbọ́n orúkọ ìkápá méjì ni wọ́n. Lẹ́tà tó ní àmì abẹ́ àti àmì ohùn pọ̀, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ lẹ́tà àti àmì ni. Nítorí náà, àwọn tó bá fẹ́ lo orúkọ tó ní lẹ́tà Yorùbá sábà máa ń nílò àtúnjúwe ju àwọn tó ń lo lẹ́tà lásán lọ.

## Orúkọ tí a jọ̀wọ́

Ẹnikẹ́ni kì í ra orúkọ ìkápá pátápátá. Owó ọdún ni a ń san lé e lórí, bí owó ilé. Bí a kò bá san án, lẹ́yìn àkókò ìdúró díẹ̀, orúkọ náà yóò tún di ohun tí ẹlòmíràn lè gbà. Ibi tí ewu ibi-ìtakùn olórúkọ púpọ̀ ti pọ̀ jù nìyí, nítorí pé oníṣòwò tó ti yan orúkọ kan lè rò pé àwọn yòókù kò wúlò mọ́.

Orúkọ tí a kò san owó rẹ̀ kì í parẹ́ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù, lára rìsíìtì àtijọ́ tàbí nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Ìjápọ̀ tó ti tọ́ka sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ẹni tó bá gba orúkọ náà yóò jogún gbogbo àlejò wọ̀nyí. Ó lè ṣe ẹ̀dà ojú-ìwé àtijọ́, kí ó pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì nìkan. Ó tún lè gba ímeèlì tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ sí orúkọ àtijọ́. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2024, Google fi ìlò orúkọ àjọ̀wọ́ láti fi rẹ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí jẹ kún àwọn ìwà tí òfin rẹ̀ kọ̀. Òfin náà lè yọ irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àbájáde ìṣàwárí, ṣùgbọ́n kò lè dá orúkọ padà fún ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, kò sì lè dá ẹni tó tẹ àdírẹ́sì tó wà lára rìsíìtì dúró.

Nítorí èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Orúkọ tí a ń lò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: òun ni ó ń jáde nínú àbájáde ìṣàwárí, nínú sitemap àti nínú gbogbo ìjápọ̀. Orúkọ tí a ń tọ́jú lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin: a ń san owó ọdún wọn, iṣẹ́ wọn kan ṣoṣo sì ni láti darí ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn wá sí ibi tó tọ́.